Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìyá Rẹ̀ Gbọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá ti bi ọ́ rí pé, “Ta ló wà pẹ̀lú rẹ níbẹ̀?”, tí o dáhùn pé ìwọ nìkan ni, tí onítọ̀hún sì dákẹ́, o mọ irú ẹ̀rù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kì í ṣe ẹ̀rù olè, kì í ṣe ẹ̀rù òkùnkùn. Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ ti sọ ojú ọ̀run di funfun, èmi sì jókòó sínú ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọ́fà pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà níwájú mi. Síbẹ̀ gbogbo irun ara mi ló dìde.

Ọdún 1998 ni. Susanna Igbẹ́kọ̀yí lorúkọ mi nínú ìwé owó oṣù, ṣùgbọ́n Ìyá Joy ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́: iná tó jó ilé, ìjì tó ṣí òrùlé, ọkọ̀ tó dojú dé. Kí n má purọ́, kò sí pàjáwìrì kankan tí à ń bá níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wa, eérú á ti tutù. A ó wá kó bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì àti àpò ìrẹsì kan fún wọn, a ó ya fọ́tò, a ó sì padà sílé.

Ìyẹn ló mú kí ìjọba pín rédíò fún wa, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa ní Ìlọ́fà, ọ̀kan ní Ìdọ̀fin, ọ̀kan ní Òkè-Òpin, ọ̀kan ní Òsì. Wọkitọ́kì la ń pè é, bó tilẹ̀ tóbi tó àpótí aṣọ, tó jẹ́ bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé e. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Prosper láti Ìlọrin pé kó wá kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ wá.

“Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo yín ń lò,” ó wí. “Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́ ọ. Nítorí náà ẹ má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kí ló ṣẹlẹ̀? Níbo? Ta ló kàn? Kí lẹ nílò? Ó parí.”

Àmátúlláhì, obìnrin elétò ìlera tó wá láti Òkè-Òpin, nawọ́ sókè. Ó ní, “Bó bá jẹ́ ẹni tó ni ọ̀ràn yẹn gan-an lọ́ wà nídìí rédíò ńkọ́?”

Prosper rẹ́rìn-ín. “Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ náà ni.”

Gbogbo yàrá kùn. Japhet, tó jẹ́ akọ̀wé ní Ìdọ̀fin, pòṣé tó dún dé ìta. Èmi ni mo tilẹ̀ dìde tí mo sọ fún Prosper pé ọmọ dáadáa ni, ẹnu rẹ̀ ló le jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í gbé ìròyìn burúkú ka ẹni tó ni ín lójú. Àgbà ilé rẹ̀ la máa ń wá lọ. Àgbà á mú ẹni méjì mìíràn dání, wọn á lọ bá onítọ̀hún nílé, wọn á mú un jókòó sórí àga, wọn á béèrè omi, wọn á béèrè àlàáfíà ọmọ, ti iṣẹ́, ti oko, títí ara rẹ̀ á fi máa balẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe sọ ikú bàbá mi fún mi nìyẹn. Bí wọ́n bá já a lù mí lójijì lọ́jọ́ náà, bóyá n kì bá tí ì dìde lórí àga. Mo sọ gbogbo èyí fún Prosper, ó sì kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Nígbà tó lọ tán, a sọ rédíò di tiwa. Kíkí nìkan máa ń gbà wá lásìkò: ẹ kú ulé, ẹ kú ọyẹ́, àwọn ọmọ ńkọ́, orúnkún ìyá ńkọ́. Àmátúlláhì á béèrè iye tí wọ́n ń ta iṣu ní Òsì. Jonah, tó wà nídìí ti Òsì, á kọrin ìjọ fún wa láàárọ̀ Sunday, ohùn rẹ̀ ò sì dáa. Èmi ní tèmi, mo máa ń sín Mùhísínì jẹ. Mùhísínì ni awakọ̀ wa, ará Ṣàárẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti obìnrin, kò sì lè sọ gbólóhùn kan kó má fi “Wallahi” ṣáájú. Lọ́jọ́ kan mo di imú mú, mo sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ lórí rédíò, Jonah sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bóyá wọ́n ti tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Joy. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Ojú mi rí nǹkan kí n tó rí i. Ní Saturday tí mò ń sọ yìí, ó wà ní Ìdọ̀fin lọ́dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, tó fẹ́ kó wá bá òun kó iṣu jọ lóko. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàbà. Èmi ni ọ́fíìsì kàn, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wa ló kó gbogbo wọn lọ. Mùhísínì sọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sápò, ó ní òun fẹ́ dé ibi ìkómọ kan lẹ́yìn ọjà.

Mo jáde lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo gbọ́ ohùn Japhet nínú rédíò látẹnu ọ̀nà. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Mo gbọ́ “...kẹ́ni kẹ́ni má ṣe...” Àmátúlláhì dá a lóhùn pé, “Há, Ọlọ́run mi.” Mo sáré jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì.

“Ìlọ́fà ló ń sọ̀rọ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Rédíò ń hó lásán.

“Ìdọ̀fin, Ìlọ́fà ń pè yín. Japhet, mo gbọ́ ohùn rẹ.”

Ó wá dáhùn. “Ìyá Joy, in kú uṣẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni? Ìsí lọ́ wà pẹ̀lú in níbẹ̀?”

“Èmi nìkan ni.”

Ó dákẹ́.

“Ọ̀gá in ńkọ́?”

“Wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó. Kí lo fẹ́ bá wọn sọ? Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́.”

“Ó dáa,” ó wí. “Kò sí nǹkan.”

Lẹ́yìn náà Àmátúlláhì gba ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ dẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. “Ìyá Joy, Bàbá Joy ńkọ́? Ṣé ọ́ wà nítòsí?”

“Ó wà ní Kàbà.”

“Kè sí àgbà kankan nínú ọgbà in?”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Àgbà ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ kí n gbé rédíò fún ẹlòmíràn, nítorí pé èmi ni mo ni ọ̀ràn. Mo da àkàrà sílẹ̀. Mo pe Òsì. Jonah, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò dáhùn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá yé mi pé gbogbo wọn ló ti gbọ́, ìlú mẹ́ta ló ti gbọ́, èmi tí mo bímọ ni kò gbọ́.

“Japhet, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ṣé Joy ni?”

“Kò sí nǹkan, Ìyá Joy. In sáà mú ọkàn le.”

“Ṣé ó ti kú ni?”

“In má sọ bẹ́ẹ̀ o! In sáà mú ọkàn le. Ẹnìkan ń bọ̀.”

Mo jágbe mọ́ ọn pé èmi ni ọ̀gá lórí rédíò yìí, mo pàṣẹ fún un pé kó sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Kò dáhùn mọ́. Mo dìde, mo sáré jáde sí ọgbà. Gbogbo ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ló wà ní títì. Ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù wa wà lábẹ́ igi máńgòrò, eruku ti bò ó. Mo pariwo orúkọ àwọn tí mo mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀. Kò sí àgbà kan, kò sí ọmọdé kan, kò sí ẹnì kankan tí mo lè gbé rédíò náà fún kó bá mi gbọ́ ohun tó ṣe ọmọ mi.

Mo rò ó pé ó ti kú. Mo tún rò ó pé bó bá ti kú, wọn kì bá tí kánjú sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti parí kì í mú ènìyàn sọ̀rọ̀ kíákíá. Nǹkan kan ṣì kù tí wọ́n fẹ́ kí Ìlọ́fà ṣe. Ọkọ̀ ni, tàbí oògùn ni, ọwọ́ mi ló sì wà, wọn ò sì ní sọ fún mi, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn mi.

Mo padà wọlé. Mo fa gèlè kúrò lórí, mo ká a mọ́ ẹnu rédíò, mo di imú mú.

“Wallahi,” mo wí, “Mùhísínì rè é o. Ta ló ń pe Ìlọ́fà?”

Japhet mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ mímí náà dáadáa. “Há, Mùhísínì! Ọlọ́run ṣeun. Ìyá Joy dà?”

“Wallahi, wọ́n sáré jáde. Bóyá wọ́n lọ wá ọ̀gá.”

“Ṣé ọ̀n ò lè gbọ́ wa?”

“Wọn ò lè gbọ́.”

“Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọmọ wọn ni, Joy. Paramọ́lẹ̀ lọ́ bù ú jẹ lẹ́sẹ̀ lóko. Abẹ́ òkìtì ewé iṣu lọ́ wà, ọmọ sì nawọ́ kó o, ejò bá jáde bù ú lẹ́sẹ̀.”

Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì. Mo bu ìka mi jẹ. Bí mo bá sunkún, á mọ̀ pé èmi ni, yóò sì panu mọ́. Nínú orí mi mo gbọ́ Prosper: kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, ta ló kàn, kí lẹ nílò. Mo tẹ̀ ẹ́ padà.

“Wallahi, ó mà ṣe o. Ṣé ọmọ náà ń mí?”

Mo gbé etí lé rédíò.

“Ó ṣì ń mí. Ẹsẹ̀ ti wú kọjá orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lérìgì ẹ̀. Ilé ìwòsàn kékeré tiwa níbí lọ́ wà, ṣùgbọ́n kè sí abẹ́rẹ́ oró ejò níbí. Ìlọ́fà lọ́ wà, nínú fíríìjì Nọ́ọ̀sì Badirat. Kè sì sí ọkọ̀ tá a lè fi gbé e, gbogbo ọkọ̀ ti lọ sí ọjà.”

“Kí lẹ wá ṣe sí i?”

“A ti rán Jonah láti Òsì. Ọ́ ń bọ̀ ní Ìlọ́fà wá bá bàbá ìjọ wọn, kí bàbá lè kó àwọn àgbà lẹ́yìn, kọ́n fara balẹ̀ sọ fún Ìyá Joy. Lẹ́yìn náà kọ́n wá wá ìwọ àti ọkọ̀.”

“Kí ni Jonah gùn?”

“Kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ni.”

Kẹ̀kẹ́! Díẹ̀ ló kù kí n fi ohùn ara mi bú u. Ọmọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́nu, ẹnìkan sì ń wa kẹ̀kẹ́ láti Òsì nínú eruku ọyẹ́ kí wọ́n lè fi sùúrù sọ ọ́ fún mi. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bó bá jẹ́ ọmọ Àmátúlláhì ni, tí èmi wà ní Òkè-Òpin, ohun tí èmi náà ì bá ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìyẹn ló tilẹ̀ dẹ́rù bà mí jù.

“Wallahi, ẹ má dúró de Jonah mọ́,” mo wí. “Mò ń gbé abẹ́rẹ́ àti nọ́ọ̀sì bọ̀ nísinsìnyí. Ẹ tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, kó má rìn, ẹ má gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má fún un ní nǹkan mu.”

“Ọlọ́run ọ́ bù kún ẹ. Mùhísínì!” ó tún wí. “Ọmọ kan ṣoṣo tọ́ ní nì yẹn o. Ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́.”

Mo tẹ bọ́tìnnì. “Kò ní gbọ́,” mo wí.

Mi ò rántí bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ pé Badirat ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ kíá nígbà tí mo ní ejò bu ọmọ kan jẹ ní Ìdọ̀fin. Ó kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

“Ọmọ ta ni?” ó bi mí.

“Ọmọ kan ni.”

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo bá wí pé ọmọ mi ni, Badirat á kígbe, á dì mọ́ mi, àwọn aládùúgbò á jáde, wọn á mú mi jókòó, wọn á ní kí ìyá má lọ, kí ó dúró sílé kí àwọn ọkùnrin lọ wò ó. Láàárín ìyẹn, ta ni yóò pàṣẹ kí ọkọ̀ jáde? Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi ni èmi náà fi pamọ́ fún wọn. A pàdé Mùhísínì níwájú ọjà tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìrẹsì nínú ọ̀rá. Mo ní kó sáré lọ gbé ọkọ̀, pàjáwìrì ni. Ó ní, “Wallahi, mi ò tíì jẹun.” Mo wò ó lójú. Ó sáré.

Èmi ni mo jókòó sáàárín wọn níwájú. Ojú ọ̀nà Ìdọ̀fin pupa, ó ní gbágungbàgun, eruku sì gbá gbogbo gíláàsì. Mùhísínì ń ròyìn ìkómọ fún Badirat, ẹran tí wọ́n sè, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń wo ojú ọ̀nà. Bàbá arúgbó kan gbé ọwọ́ sókè sí wa, Mùhísínì sì fẹ́ dúró kí ó kí i. Mo ní bó bá tẹ bíréèkì yẹn, kó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àwọn méjèèjì wò mí.

“Ẹ̀bi ìyá ni,” Badirat wí lẹ́yìn náà. “Ó dájú pé sílípáàsì lọ́mọ náà wọ̀. Irú ìyá wo ló ń jẹ́ kí ọmọ wọ̀ ọ́ lọ sóko lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ejò ń wá ibi tó móoru?”

“Wallahi, òótọ́ ni,” Mùhísínì wí.

Èmi ni mo ra sílípáàsì náà. Aláwọ̀ búlúù ni. Joy ní ẹsẹ̀ òun ti tóbi jù fún bàtà ilé ìwé, mo ní kó máa fi sílípáàsì yẹn ṣeré títí oṣù á fi parí. Mo jókòó láàárín àwọn méjì tí ń bá mi wí láìmọ̀, mi ò sì lè sọ pé ẹ dákun, ẹ dákẹ́. Mo ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àdúrà náà kò ju “Kó ṣì máa mí” lọ. Mo sọ ọ́ títí tí kò fi ní ìtumọ̀ létí mi mọ́.

Nígbà tí a dé Ìdọ̀fin, èrò kún iwájú ilé ìwòsàn. Mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ mi tó ń ké. Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnìkan rí mi, ó fọwọ́ kan ẹni kejì, ariwo náà sì dá wáí. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Obìnrin kan wọlé, ó sì gbé àga jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ àṣà ilé wa, ẹ mọ ohun tí àga náà jẹ́. Wọ́n gbé e síwájú mi. Bàbá kan tí mi ò mọ̀ dì mí lápá mú, ó ní, “Ìyá, in jókòó ná. In mu omi.” Mo wo àga náà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jókòó sórí rẹ̀, ọmọ mi ti kú nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ ti àga náà ṣubú, mo já apá mi gbà, mo wọlé.

Ó wà lórí ẹní nílẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti dúdú, ó sì wú bíi ti ẹlòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí igun ẹnu rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀. Mo dúró kí n rí i pé ó tún lọ sókè.

Japhet dìde lẹ́bàá ògiri. Ó wò mí, ó wo Mùhísínì lẹ́yìn mi, inú sì bí i. “Mùhísínì, kí lèyí? Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé kí ìyá ẹ̀ má gbọ́?”

“Gbọ́ kí ni?” Mùhísínì wí. “Wallahi, ibi ìkómọ ni mo wà. Ta ló bá mi sọ̀rọ̀?”

“Ìwọ àti èmi la jọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò!”

“Èmi kọ́ o.”

Japhet yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe ń rántí gbogbo ohun tó sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ érìgì, ọmọ kan ṣoṣo, àti ohùn tó dá a lóhùn. Ó gbé ọwọ́ lérí. Badirat tó ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ náà gbójú sókè.

“Ọmọ yín ni?” ó wí. “Ìyá Joy, ọmọ yín ni, ẹ sì jẹ́ kí n máa...”

“Ọmọ kan ni,” mo wí. “Gún un.”

Ó gún un.

Kò sí ohun tó burú bíi dídúró yẹn. A jókòó tì í. Badirat ń fi ọwọ́ wo ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé òun lòun rán an lọ sídìí òkìtì yẹn. Lẹ́ẹ̀kan, mo rò pé àyà náà kò lọ sókè mọ́, mo sì kígbe, Badirat ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ń mí. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, Badirat fi òwú nu érìgì rẹ̀, ó wo òwú náà lójú fèrèsé. Ó tún nu ún. Òwú náà funfun.

“Ẹ̀jẹ̀ ti dá,” ó wí.

Joy la ojú. Ó wò mí bíi pé mo pẹ́ jù. “Mọ́mì,” ó wí, “sílípáàsì mi ẹsẹ̀ kan ṣì wà lóko.”

Mo ní a ó ra òmíràn. Mo ní bàtà ni màá rà.

Rédíò Japhet wà lórí tábìlì nínú yàrá náà. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò dún. Ìgbà yẹn gan-an ló hó, ohùn kan sì jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ìlọ́fà lọ́ ń sọ̀rọ̀. Èmi Jonah ni. Mọ ti dé. Bàbá ìjọ wà pẹ̀lú mi, àwọn àgbà méjì sì wà pẹ̀lú wọn. A dé ọ́fíìsì, a bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, a ò bá Ìyá Joy. Japhet, ìsí lọ́ wà pẹ̀lú ẹ níbẹ̀? Tọ́ bá wà nítòsí, má jẹ́ kọ́ gbọ́ o.”

Japhet wò mí. Kò fọwọ́ kan rédíò náà. Mo dìde, mo gbé e, mo tẹ bọ́tìnnì. Mi ò di imú.

“Ìdọ̀fin ló ń sọ̀rọ̀. Susanna Igbẹ́kọ̀yí ni. Paramọ́lẹ̀ bu ọmọ mi Joy jẹ ní ẹsẹ̀ òsì. Ó ti gba abẹ́rẹ́. Ó ń mí, ó sì ń sọ̀rọ̀. A nílò abẹ́rẹ́ kan sí i tó bá di àárọ̀. Mo ti gbọ́, Jonah. Ní Ìlọ́fà, èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́.”

Mo gbọ́ Àmátúlláhì tó bú sẹ́kún ní Òkè-Òpin. Mo rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e fún bàbá ìjọ ní Ìlọ́fà. Bàbá kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí, mo ń gbọ́ bí Jonah ṣe ń fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ hàn án.

“Ìyá Joy,” bàbá wí, jẹ́jẹ́, “ọ kú ijọ́ mẹ́ta o.”

“Ẹ ṣeun, bàbá.”

“Ṣé àlàáfíà ni? Uṣẹ́ ńkọ́?”

Mo lè sọ fún un pé mo ti mọ̀, kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Prosper ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń mí lẹ́yìn mi, kò sì sí ohun tí à ń sá lé mọ́.

“Iṣẹ́ ń lọ, bàbá.”

“Ọkọ ẹ ńkọ́, ní Kàbà? Oko ìyá ńkọ́?”

“Àlàáfíà ni wọ́n wà, bàbá.”

Ó ń bi mí léèrè, mo ń dá a lóhùn, ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń gbọ́ wa. Mo nawọ́ fa àga tí wọ́n ti gbé wọlé, mo jókòó. Nígbà tí bàbá wá dé orí ọ̀rọ̀ náà, tó ní, “Ọmọ mi, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí,” mo gbé orí lé tábìlì, mo sì sunkún.